Owó Abẹ́ Ọṣẹ

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Igbó-Ọrà tó ń wẹ̀ láàárọ̀ tó ń wẹ̀ lálẹ́, síbẹ̀ tí abíyá rẹ̀ ń rùn, ẹ má bá a jà. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni kẹ́ ẹ lọ bá jà. Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe sọ ọ́ fún wa, èmi ò sì rí ìdí tí n ó fi bá wọn jiyàn. Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ ń kán. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ èyíkéyìí tó bá mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà níwájú ìsọ̀ mi yìí fi máa ń béèrè, kó tó béèrè nọ́ọ̀sì pàápàá, pé, "Ṣé Sàrátù wà níbẹ̀ lónìí?"

Sàrátù wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni kì í sí níbẹ̀?

Màmá Malachi ni wọ́n ń pe èmi. Ọṣẹ ọmọ, òwú, páńpáàsì, àdí àti kàn-ìn-kàn-ìn ni mò ń tà lẹ́nu géètì ilé ìgbẹ̀bí náà. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tí mo ta ọṣẹ ìwẹ̀ wọn ti ń wá ra ọṣẹ fún ọmọ tiwọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá sì dùn mọ́ nínú, kó wá ibòmíràn ra páńpáàsì.

Ìdèrè ni Sàrátù ti ń wá, lórí ọ̀kadà, láàárọ̀ kùtù. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kì í sọ pé ẹ káàárọ̀. Ohun tó máa ń sọ ni, "Màmá Malachi, ó rẹ̀ mí o."

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ ò tíì gbé ìgbálẹ̀, ó ti rẹ̀ ọ́. Irú kíkí wo nìyẹn?"

Á ní, "Ti àná ni, Màmá. Ti òní ṣì ń bọ̀."

Kò tíì darúgbó. Àkọ́bí rẹ̀, Làtíífàt, tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn, kò tíì ju ẹni tó ń wá ọkọ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ọwọ́ Sàrátù, ẹ ó rò pé ti ìyá-ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ ọ lápá. Omi àti oògùn ìfọlẹ̀ ti bó o, ó funfun, ó hunjọ. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń nulẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ tí àwọn obìnrin fi rọbí. Òun ló ń dáná omi gbígbóná. Tí ẹbí kan kò bá fẹ́ gbé ibi ọmọ lọ sílé, òun ló ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó ń sin ín. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á wá pè é pé kó wá wẹ ọmọ.

Bó ṣe débẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá bímọ níbẹ̀, òun sì tẹ̀ lé e wá. Ó rí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tó pọ̀ jọ bí òkìtì lẹ́yìnkùlé, kò lè wò ó níran, ló bá ká ìró rẹ̀ sókè, ó fọ gbogbo rẹ̀ tán. Mátíróònù Keturah, tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà, rí aṣọ lórí okùn, ó ní, "Ta ló ṣe iṣẹ́ tó mọ́ báyìí? Jọ̀ọ́, tún wá lọ́la." Sàrátù tún wá lọ́la. Ó tún wá lọ́túnla. Wọn ò sọ̀rọ̀ owó. Ta ló ń bá àgbà dúnàá-dúrà kó tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìbàràpá? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní owó ló gbé sórí. Èmi kúkú rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ló ti pa púpọ̀ nínú wa lébi.

Ohun tí wọ́n fi ṣe owó iṣẹ́ fún un ni owó abẹ́ ọṣẹ. Àṣà ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni. Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, ẹbí ọmọ á gbé ọṣẹ tuntun sínú àwo, wọ́n á sì fi nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó máa wẹ ọmọ náà. Wọn kì í sọ iye rẹ̀. Ẹni tó máa wẹ ọmọ kì í sì í gbé ọṣẹ náà wò níṣojú wọn. Tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á gbé àwo náà lọ sẹ́yìnkùlé kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá pọ̀, á padà wá dúpẹ́. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, á padà wá dúpẹ́ náà.

Nígbà tí nǹkan ṣì rọrùn, kò burú rárá. Ìbejì pọ̀ nílùú wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìbejì sì ni ọṣẹ méjì. Ẹni tó bá fi nǹkan sábẹ́ ọṣẹ Táyé tí kò fi sábẹ́ ti Kẹ́hìndé, ṣé ó fẹ́ kí Kẹ́hìndé bínú ni? Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ìbejì, Sàrátù á ra ẹran lọ sílé fún Mùstàfá ọkọ rẹ̀, á sì ra gúgúrú fún èmi tí mi ò wẹ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí Mátíróònù sì gbé ẹ̀tàn sí nìyẹn. Tí oṣù bá parí, àwọn nọ́ọ̀sì á gba owó oṣù wọn. Ti Sàrátù, Mátíróònù á na nǹkan sí i nínú ọ̀rá, á ní, "Fi ra ọṣẹ." Nígbà míì owó ni. Nígbà míì ìrẹsì tí wọ́n gbé bọ̀ láti ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọdún kan, ìró àlòkù ni. Bí Sàrátù bá sì fẹ́ lanu, Mátíróònù á rẹ́rìn-ín: "Ìwọ lò ń jẹ níbí jù mí lọ. Abẹ́ ọṣẹ tìẹ kì í gbẹ."

Ó gbẹ. Ohun gbogbo wọ́n gógó, abẹ́ ọṣẹ sì gbẹ bí odò àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń wá owó oògùn kiri, níbo ló ti fẹ́ rí ti abẹ́ ọṣẹ? Àwọn tó tiẹ̀ ní in, wọn kì í mú owó dání mọ́. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ mú nọ́ńbà àkáǹtì yín wá." Sàrátù kò ní àkáǹtì, ó ń fún wọn ní tèmi. Àwọn kan fi ránṣẹ́. Àwọn kan ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ọ̀hún ò tíì dáa títí di òní. Àwọn tó pọ̀ jù ń ṣàdúrà: Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ ó jèrè ọmọ. Àdúrà dára o, èmi kì í kọ àdúrà, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà Ìdèrè kì í gbà á.

Rebecca, nọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀, fẹ́ràn Sàrátù, ó sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó ní, "Màmá Làtíífàt, ẹ máa kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa. Ẹ máa pè wọ́n ní bàbá ńlá, ìyá ńlá. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń ṣe é."

Sàrátù ní, "Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀ tí mo ti ń nulẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ìkúnlẹ̀ wo ló tún kù?"

Ó lọ bá Mátíróònù lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ iye kan pàtó tí òun á máa gbà lóṣù, bó ti wù kó kéré mọ. Mátíróònù fà á mọ́ra. Ó ní, "Sàrátù, ṣé a máa ń ṣírò nǹkan láàárín ara wa ni? Ẹbí kan náà ni wá." Sàrátù jáde, ó wá sọ fún mi, inú bí mi débi pé mo ṣi ṣéńjì kà fún oníbàárà. Ẹbí! Tí wọ́n bá fẹ́ san owó fún ọ, òṣìṣẹ́ ni ọ́. Tí wọn ò bá fẹ́ san án, ẹbí ni ọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Keturah kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ti gbẹ̀bí fún obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, kò sì lé wọn jáde. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Oore rẹ̀ pọ̀ débi pé kò mọ ibi tí oore parí sí, tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀.

Mùstàfá ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó wá bá òun bó pákí lóko. Làtíífàt ní kó máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Èmi náà bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀ gan-an. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ ìkejì.

Ó ní, "Màmá Malachi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá. Kí Mátíróònù pè mí lóṣìṣẹ́, kó sì sanwó fún mi bí òṣìṣẹ́. Bó jẹ́ oṣù kan péré kí ara mi tó kọ̀ ọ́. Kí n mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo ṣe láyé mi. Lẹ́yìn náà n ó lọ bá Mùstàfá bó pákí."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá dé orí ẹ̀. Àlàájà Hàlímọ̀, tó ń kó ẹ̀gúsí lọ sí Ìbàdàn, mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá. Oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó náà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ara Àlàájà kò balẹ̀ rárá. Láti ìsọ̀ mi ni mo ti ń wò ó tó ń rìn síwá-sẹ́yìn nínú ọgbà, tẹ̀súbà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọmọ iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá nígbà tí Rebecca yọrí lójú fèrèsé.

"Màmá Malachi! Ẹ gbé ọṣẹ wá! Ohun gbogbo ní méjì-méjì!"

Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí kò nílò ògbufọ̀. Mo kó ọṣẹ méjì, kàn-ìn-kàn-ìn méjì, mo wọlé. Sàrátù ti wà lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, Táyé sì wà lórí ojúgun rẹ̀ tó ń ké. Ó fọ ọrùn, ó fọ abíyá, ó fọ ẹ̀yìn etí, ó fi àdí pa á, ó wé e sínú aṣọ. Ó ku Kẹ́hìndé, tó ṣì wà lọ́wọ́ Rebecca pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ìbí lára.

Ìgbà yẹn ni Àlàájà wọlé. Ó di nǹkan sínú aṣọ funfun, ó sì nípọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọṣẹ Kẹ́hìndé sókè, ó fi í sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, gbọ́. Àlùfáà mi ló pè mí báyìí. Ó ní kí n ṣe sàárà kí omi tó kan Kẹ́hìndé. Ó ní kó má jẹ́ owó iṣẹ́ rárá o, kí n wá aláìní fún un. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ìwọ ni ojú mi bá. Gbà á, kó o ṣàmín."

Ọwọ́ Sàrátù dúró nínú omi. Mo mọ ọwọ́ yẹn, kì í dúró.

Ó ní, "Àlàájà, Ọlọ́run á gba sàárà yín. Á dá àwọn ọmọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá aláìní fún un. Iṣẹ́ lèmi wá ṣe níbí."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ṣé o mọ iye tó wà níbẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Bí ẹ bá ní owó ìwẹ̀ ọmọ ni, kódà bó jẹ́ ìdajì ìdajì ẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Sàárà ni mi ò lè gbà lórí àpótí yìí."

Àlàájà gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Ó kọ sàárà Kẹ́hìndé! Ó ti kọ̀ ọ́ o!"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Lójú Àlàájà, sàárà tí ènìyàn bá fi ẹnu kọ̀, ó ti padà nìyẹn, kò dé ọ̀run, Kẹ́hìndé sì nìyẹn lórí ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ló ń ba ìyá arúgbó náà. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì. Àánú Àlàájà ṣe mí. Inú sì bí mi sí i, pé nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni ojú rẹ̀ rí bí aláìní.

Ariwo yẹn ló mú Mátíróònù Keturah wọlé. Wọ́n ròyìn fún un. Ó ní, "Sàrátù, gbà á lọ́wọ́ Àlàájà, jọ̀ọ́. Òtútù ń mú ọmọ."

Sàrátù gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, "Mátíróònù, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi sọ fún Àlàájà pé òṣìṣẹ́ yín ni mí. Ẹ kàn sọ ọ́, kí n gbọ́. Àwọn aláìní kún ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lónìí Jímọ̀, Àlàájà á ti rí ẹni tí wọ́n máa fún kí omi yìí tó tutù."

Mátíróònù wo Sàrátù, ó wo Àlàájà, ó wo ọmọ. Mo rí i pé ó rò ó. Bó bá ní òṣìṣẹ́ òun ni Sàrátù, sàárà Àlàájà kò lè wọlé níbẹ̀, ariwo á sì máa lọ. Ó yára yan èyí tó rọrùn.

Ó ní, "Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Sàárà yín ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yẹ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Mi ò gbà á síṣẹ́ rí, mi ò sì san owó oṣù fún un rí. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi ní kó máa wá síbí. Aláìní pọ́ńbélé ni."

Pọ́ńbélé! Rebecca wo ilẹ̀. Mo ní, "Mátíróònù, ẹ rọra o."

Sàrátù nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó nù ún gbẹ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú aṣọ funfun náà lábẹ́ ọṣẹ. Ó ní, "Àmín. Ọlọ́run á gba sàárà. Kẹ́hìndé ò ní kú. Táyé ò ní kú." Àlàájà ń ṣe àmín, àmín, omi ń dà lójú rẹ̀. Sàrátù so ó mọ́ etí ìró, ó wá na ọwọ́ sí Rebecca pé kó gbé ọmọ wá.

Ó wẹ Kẹ́hìndé. Bó jẹ́ èmi ni, omi yẹn ì bá ti wà lára ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kò kánjú, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ó fọ ọrùn, ó fọ abíyá, ó fọ ẹ̀yìn etí, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ náà kò kúkú mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó fi àdí pa á, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀.

Ó da omi nù, ó fọ báfù, ó dà á dojú dé. Ó mú híjáàbù rẹ̀ lórí ìṣó, ó jáde wá bá mi ní ìsọ̀, ó jókòó.

"Màmá Malachi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, Sàrátù."

"Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń nà sí mi lóṣooṣù, mo rò pé wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní lọ́jọ́ kan á pé. Mi ò mọ̀ pé sàárà ni mo ti ń gbà."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí ti Àlàájà tó wà létí ìró rẹ̀. Mo rò pé ó lè ní òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

Ó ní, "Màá ná an. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé aláìní ni mí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mí.

Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà kan gbé obìnrin kan dé láti ìlú Tápà nítòsí wa, obìnrin náà di inú mú, ó ń ké. Mátíróònù sáré jáde sẹ́nu ọ̀nà.

"Sàrátù! Omi gbígbóná dà? Aṣọ dà? Níbo lò ń lọ? Ta ló fún ọ láyè?"

Sàrátù yíjú padà. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, bí a ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà.

Ó ní, "Mátíróònù, òṣìṣẹ́ ló ń gba àyè, mà."

Ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. Ọ̀kadà tó gbé obìnrin náà wá ṣì dúró níbẹ̀, ó gùn ún, ó ní kó gbé òun lọ sí Ìdèrè.